Ibà Ará Ilé, Ibà Dókítà: Ìyàtọ̀ láàrin Ìtumọ̀ Ojoojúmọ́ àti Ìtumọ̀ Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú Èdè Ìlera Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí tọmọdé-tàgbà ń lò nípa àìsàn ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà sì ń lò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìperí iṣẹ́ wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ni ibà, gìrì, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ̀díjẹ̀dí. Àpilẹ̀kọ náà fi hàn pé ìtumọ̀ tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní lẹ́nu ará ilé kò bá èyí tí wọ́n ní lẹ́nu dókítà dọ́gba. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ irọ́ tí èkejì jẹ́ òótọ́, bí kò ṣe pé ìró kan náà ló bo ìtumọ̀ méjì mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Àbá tó jáde nínú iṣẹ́ náà ni pé kí olùkọ́ èdè àti òṣìṣẹ́ ìlera máa fi ẹ̀yán pààlà sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa wádìí ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́ kí wọ́n tó fi ìtumọ̀ tiwọn lé e.

1.0 Ìfáàrà

Kò sí àwùjọ tí kò ní iṣẹ́, kò sì sí iṣẹ́ tí kò ní èdè tirẹ̀. Àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, onílù, ọdẹ àti babaláwo, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ní ọ̀nà tí ará ìta kì í gbà lò ó. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹ̀kọ́ ìwé mú wọ ilẹ̀ Yorùbá. Nínú èdè ojoojúmọ́, ẹsẹ̀ ni ẹ̀yà ara tí ènìyàn fi ń rìn, ojú ló fi ń ríran, ọmọ sì ni ẹni tí òbí bí. Lọ́dọ̀ babaláwo, ẹsẹ̀ ni ẹyọ ìsọ̀rọ̀ Ifá kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ Odù, ojú Odù ni àwọn Odù àgbà 16, ọmọ Odù sì ni 240 tó tẹ̀lé wọn, tí àpapọ̀ gbogbo wọn fi jẹ́ 256. Onílù dùndún pẹ̀lú ń pe ìlù tó ń léwájú ní ìyáàlù, bẹ́ẹ̀ ìlù kò bímọ rí.

Irú ìlò báyìí kì í sábà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ìdí ni pé ẹni tí kò kọ́ Ifá kì í fi ìtumọ̀ ẹsẹ̀ tàbí ojú Odù ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ babaláwo ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ ìlera kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ ni í kọ́kọ́ sọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ kí dókítà tó gbọ́. Orúkọ tó bá sì sọ ọ́ ni í pinnu bóyá àgbo ni yóò sè, tàbí oògùn ni yóò rà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, tàbí ilé ìwòsàn ni yóò gbé ọmọ náà lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ nílé, tó sì ní ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè lásán ni. Ẹ̀mí lè bá a lọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí nìyẹn.

2.0 Bí Ọ̀rọ̀ Ojoojúmọ́ Ṣe Ń Di Ọ̀rọ̀-Ìperí

Nígbà tí ìmọ̀ tuntun bá wọ inú èdè, ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni èdè náà lè gbà rí orúkọ fún ohun tuntun tó bá a wọlé. Ó lè yá ọ̀rọ̀ láti inú èdè mìíràn, ó lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun láti inú mọ́fíímù tirẹ̀, ó sì lè mú ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kí ó gbé iṣẹ́ tuntun lé e lórí. Èdè Yorùbá ti lo gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi hàn pé ó ṣe é ṣe láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìperí gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó lè yọrí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní ọdún 1990, wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe láti dí àlàfo náà.

Nínú ẹ̀kọ́ èdè, fáwẹ̀lì jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá, ohùn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tí wọ́n gbé iṣẹ́ tuntun lé lórí. Kí ọmọ tó wọ ilé-ìwé ló ti mọ̀ pé akọrin kan ní ohùn dídùn. Nígbà tí olùkọ́ bá wá sọ fún un pé ohùn mẹ́ta ló wà nínú èdè Yorùbá, ìyẹn ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ohùn akọrin sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàrin àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Àyálò máa ń kéde ara rẹ̀ ní àjèjì. Ẹni tó bá gbọ́ fáwẹ̀lì fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n, yóò sì béèrè. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kì í kéde ara rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ohùn rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, kò sì ní béèrè. Àìbéèrè yìí ni gbòǹgbò ìṣòro. Nínú kíláàsì, máàkì ni irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní ilé ìwòsàn, ohun tó ń gbà ju máàkì lọ.

3.0 Ibà: Orúkọ Kan, Ọ̀pọ̀ Àìsàn

Lẹ́nu ará ilé, ibà ni ipò tí ara wà nígbà tí ó bá gbóná, tí orí ń fọ́ni, tí ẹnu korò, tí oríkèéríkèé ń ro ni, tí oúnjẹ kò sì wu ni í jẹ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lè sọ pé ibà ń bọ̀ wá ṣe òun. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé oòrùn àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń fà á. Ìtumọ̀ yìí fẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu ní àyè tirẹ̀, nítorí ohun tí ara ń gbọ́ ló gbájú mọ́. Ẹni tó bá ní ibà ń ṣe òun kò purọ́. Ó ń ṣe ìròyìn ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un.

Lọ́dọ̀ dókítà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Èkínní ni ara gbígbóná, èyí tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Bí òṣùwọ̀n abẹ́ abíyá bá fi 37.5 hàn lórí ìwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ọmọ náà ti gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Àmì àìsàn lèyí, kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Èkejì ni màléríà, tó jẹ́ àìsàn kan pàtó. Alphonse Laveran, dókítà ológun ará Faransé, ló rí kòkòrò tó ń fà á nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ilẹ̀ Algeria ní ọdún 1880. Ronald Ross sì fi hàn ní ilẹ̀ Índíà ní ọdún 1897 pé ara ẹ̀fọn ni kòkòrò náà ń gbé dàgbà. Orúkọ kòkòrò náà ni Plasmodium, abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló sì ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Oòrùn kò fa màléríà, bó ti wù kó mú tó.

Yàtọ̀ sí màléríà, àìsàn mìíràn wà tí orúkọ wọn lédè Yorùbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibà. Ibà pọ́njú ń wá láti ara fáírọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọn ọ̀tọ̀ ń gbé kiri, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún un. Ibà taifọ́ọ̀dù, tí àwọn kan ń pè ní jẹ̀funjẹ̀fun, ń wá láti ara bakitéríà tó ń gba inú omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin wọ ara. Ibà Lásà gba orúkọ rẹ̀ láti ara ìlú Lásà ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1969. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló sì sábà ń gbé e dé inú oúnjẹ ènìyàn. Kòkòrò tó ń fà wọ́n yàtọ̀ síra, oògùn wọn sì yàtọ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, gbogbo wọn lè jọ ara wọn: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀. Ará ilé tó pe gbogbo wọn ní ibà kò ṣe àṣìṣe nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àṣìṣe ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá gbà pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ti jẹ́ ọ̀kan, oògùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà ní ọwọ́ tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ìkéde àti àlàyé lórí rédíò, ibà lásán ni wọ́n fi ń túmọ̀ màléríà. Wọ́n ti sún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kì lọ́dọ̀ tiwọn láìsọ fún ẹni tó ń gbọ́ wọn. Àbájáde rẹ̀ hàn ketekete láti ìgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ di ìlànà ní ọdún 2010 pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn màléríà. Bí nọ́ọ̀sì bá yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá kan wò, tí kò rí kòkòrò màléríà níbẹ̀, tó sì sọ pé, "Bàbá, ẹ kò ní ibà," kí ni bàbá náà yóò rò? Ara rẹ̀ ń gbóná, orí ń fọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ korò. Lójú tirẹ̀, ibà nìyẹn. Yóò gbà pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló ń purọ́, yóò sì gba ṣọ́ọ̀bù olóògùn lọ ra oògùn màléríà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ taifọ́ọ̀dù tàbí Lásà ló ń ṣe é, ọjọ́ tó yẹ kó fi gba ìtọ́jú ni yóò fi ṣòfò. Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ, òótọ́ ni bàbá náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló da àárín wọn rú.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré ní Nàìjíríà. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ màléríà tó ṣẹlẹ̀ ní àgbáyé ní ọdún 2022, ìdá 27 nínú 100 ló wáyé ní Nàìjíríà. Ìdí pàtàkì wà nígbà náà tí àwọn ènìyàn fi ń kọ́kọ́ ronú kan màléríà. Ṣùgbọ́n bí màléríà ṣe wọ́pọ̀ tó yìí ló jẹ́ kí ó rọrùn fún àìsàn mìíràn láti fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

4.0 Gìrì: Àmì Tàbí Àìsàn?

Bí ìtumọ̀ ibà lẹ́nu ará ilé ti fẹ̀ ju ti dókítà lọ, ìṣòro gìrì yàtọ̀ díẹ̀. Lẹ́nu ará ilé, gìrì jẹ́ àìsàn kan tó dá dúró, tó máa ń kọlu ọmọdé lójijì: ojú ọmọ á yí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, eyín á wà pọ̀. Àwọn kan gbà pé òtútù ló ń fà á, àwọn mìíràn sì gbà pé ọwọ́ ayé ni. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ìyá, gìrì kì í ṣe ẹgbẹ́ ibà rárá, kì í sì í ṣe àìsàn ilé ìwòsàn.

Lọ́dọ̀ dókítà, gìrì kì í ṣe àìsàn. Àmì ni, bí ara gbígbóná ṣe jẹ́ àmì. Ó ń sọ pé nǹkan kan ń da ọpọlọ láàmú. Ó lè jẹ́ ara gbígbóná lásán, èyí tó máa ń mú àwọn ọmọ tó wà láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, tó sì sábà máa ń lọ láìṣe ọmọ náà ní jàǹbá. Ó lè jẹ́ màléríà tó ti wọ ọpọlọ, ó lè jẹ́ àìsàn tó kọlu awọ tó bo ọpọlọ, ó sì lè jẹ́ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti lọ sílẹ̀ jù. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ àwọn wọ̀nyí hàn, mẹ́ta ìkẹyìn sì lè pa ọmọ láàrin wákàtí díẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni pé orúkọ tó dá dúró ń béèrè ìtọ́jú tó dá dúró. Ìyá tó ti ń fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn ibà láti àná lè fi oògùn náà sílẹ̀ nígbà tí gìrì bá dé, nítorí lójú rẹ̀ àìsàn mìíràn ló wọlé. Nígbà náà ni wọ́n lè gbé àgbo gìrì jáde, tàbí àpòpọ̀ ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà tí wọ́n ti ń lò fún gìrì tipẹ́tipẹ́ ní apá kan ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn dókítà ti rí i pé àpòpọ̀ yìí léwu púpọ̀, nítorí ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ kí ó sì mú kí ọmọ náà dákú lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi lé gìrì lọ lè wá di ohun tó ń fa gìrì mìíràn.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni irú ìpínsísọ̀rí yìí wà nínú èdè wọn. Ní ilẹ̀ Tanzania, àwọn tó ń sọ èdè Swahili ń pe irú gìrì yìí ní degedege, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà bákan náà pé kò bá màléríà tan.

5.0 Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Nígbà tí Àfiwé Bá Di Orúkọ

Ibà àti gìrì ti wà lẹ́nu Yorùbá kí ìṣègùn òyìnbó tó dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi àfiwé ṣẹ̀dá fún ìmọ̀ tó wá láti òkèèrè ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ru, ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òkun ń ru, ìbínú ń ru sókè, inú ń ru. Nínú gbogbo ìlò wọ̀nyí, ohun tó ń ru kì í fara sin: ojú ń rí i tàbí ara ń mọ̀ ọ́n.

Ohun tí dókítà ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni pé agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan tó ń gbà kọjá ti pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́. Nọ́mbà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí nọ́mbà òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ń ru. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni náà kò ní mọ nǹkan kan lára. Àìsàn náà lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsọ̀rọ̀, títí yóò fi ba ọkàn tàbí kíndìnrín jẹ́, tàbí kí ó fa àrùn rọpárọsẹ̀.

Àfiwé inú orúkọ náà ló wá ń darí ìwà ẹni tó ń gbọ́ ọ. Èkínní, ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè dáhùn pé òun kì í bínú, òun kì í sì í ronú, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ òun kò lè ru. Èkejì, àwọn ẹbí lè gbà pé ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù fún aláìsàn náà ni pé kí ó má ronú mọ́, tí ọ̀rọ̀ iyọ̀, ara sísanjù àti oògùn ojoojúmọ́ á sì di ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta, tó tún burú jù, ni pé aláìsàn lè fi oògùn sílẹ̀ nígbà tí ara bá tù ú, nítorí ohun tó ń ru yẹ kí ó rọlẹ̀, tó bá sì ti rọlẹ̀ ó ti parí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ríru tí dókítà ń wí kì í ṣe èyí tí ara ń gbọ́.

Irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Iṣẹ́ ìwádìí tí Dan Blumhagen gbé jáde ní ọdún 1980 lórí àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé ìdààmú ọkàn tó pọ̀ jù ló túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kò gba òyìnbó lọ́wọ́ àṣìgbọ́.

6.0 Jẹ̀díjẹ̀dí: Àpò tí Ẹrù Rẹ̀ Pọ̀

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí, jẹ̀díjẹ̀dí ni ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ará ilé ṣòro jù láti fi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò fara sin: ohun tó ń jẹ ìdí ni. Ṣùgbọ́n nínú ìlò, ó kó ìnira ìdí, ẹ̀yìn ríro, inú kíkùn, ìgbẹ́ ọ̀rìn, àti àìlágbára ọkùnrin sínú àpò kan. Ohun dídùn ni wọ́n gbà pé ó ń fà á. Ìdí nìyí tí àgbà fi ń kìlọ̀ fún ọmọdé tó fẹ́ràn ṣúgà. Àwọn alágbo sì ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ àti lójú pópó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dé ilé ìwòsàn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi túmọ̀ rẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojú ihò ìdí, èyí tí ìgbẹ́ líle, ìgbìn lójú ìgbẹ́ àti oyún lè fà. Ṣúgà kò sí nínú ohun tó ń fà á ní tààrà. Àgbà ọkùnrin tó ní jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu lè máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn tó ń ro ó, kí dókítà sì máa wá iṣan tó wú.

Apá kejì rẹ̀ léwu ju èyí lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde lè jẹ́ ti iṣan tó wú, ó sì lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Bí aláìsàn bá ti pe gbogbo ohun tó bá ti kan ìdí ní jẹ̀díjẹ̀dí, tó sì ń mu àgbo fún un láti oṣù dé oṣù, ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ni yóò máa dàgbà sábẹ́ orúkọ tí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ tí ó mọ́ra jù ló lè fi ewu pamọ́ jù.

7.0 Ohun tí Àwọn Àpẹẹrẹ Wọ̀nyí Fi Hàn

Bí ènìyàn bá tò wọ́n jọ, ìyàtọ̀ mẹ́ta ló hàn. Nínú ibà àti jẹ̀díjẹ̀dí, ìtumọ̀ ará ilé fẹ̀ ju ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lọ. Nínú gìrì, ohun tó jẹ́ àìsàn lójú ẹnì kan jẹ́ àmì lójú ẹnì kejì. Nínú ẹ̀jẹ̀ ríru, àfiwé ló ń fa ìtumọ̀ gba ibi tí ẹni tó ṣẹ̀dá orúkọ náà kò rán an. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ará ilé ń fi ohun tí ojú ń rí àti ohun tí ara ń gbọ́ pín àìsàn sí ìsọ̀rí. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń fi ohun tó fà á àti ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n pín in.

Kò tọ́ láti sọ pé ìpínsísọ̀rí ará ilé jẹ́ àìmọ̀kan. Ìyá tó tètè mọ̀ pé ara ọmọ òun kò yá, tó sì rí i pé ẹnu rẹ̀ korò tí kò sì fẹ́ ọmú, ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kankan kò lè bá a ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò ti òkè ọ̀run bọ́. Màléríà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Ítálì, afẹ́fẹ́ burúkú ni ó sì túmọ̀ sí, nítorí wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ inú irà ló ń fa àìsàn náà. Nígbà tí Laveran àti Ross fi hàn pé kòkòrò àti ẹ̀fọn ni, àwọn onímọ̀ kò sọ orúkọ náà nù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n yí padà, tí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀-ìperí ni ààlà tí wọ́n pa sí i tí gbogbo ẹni tó ń lò ó sì fara mọ́.

8.0 Ìmọ̀ràn

Àwọn kan lè dábàá pé kí wọ́n kúkú máa lo àyálò nìkan, níwọ̀n ìgbà tí àyálò ti ń kéde ara rẹ̀. Àbá yìí ní àléébù. Àyálò ń ta ènìyàn jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ìyá tó gbọ́ orúkọ òyìnbó kan lásán kò mọ̀ bóyá ohun tó ń pani ni tàbí ohun tó ń lọ fúnra rẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí ọ̀rọ̀ tó mọ́ra àti ọ̀rọ̀ tó pààlà jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni èyí lè gbà ṣe é ṣe.

(i) Kí wọ́n máa lo ẹ̀yán. Gírámà Yorùbá ti pèsè rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀rọ̀-orúkọ á dúró gẹ́gẹ́ bí orí, ẹ̀yán á sì sọ irú èyí tó jẹ́. Yorùbá ti ń sọ ibà pọ́njú àti ibà Lásà. Kí wọ́n máa sọ ibà màléríà bákan náà, kí ibà nìkan sì máa jẹ́ orúkọ gbogbo agbo náà. Ibà ẹ̀fọn kò tó, nítorí ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú náà kiri. Nọ́ọ̀sì tó bá sọ pé, "Bàbá, ibà ń ṣe yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibà màléríà, ẹ jẹ́ kí á wá ohun tó fà á," kò ní lé aláìsàn rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn.

(ii) Kí wọ́n máa ya àmì sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ni nípa gìrì, ìbéèrè tó yẹ kí ó wà lẹ́nu ìyá kọ̀ọ̀kan ni, "Kí ló fa gìrì yìí?" Ẹni tó bá ń béèrè ohun tó fà á ti gbà pé nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì tètè gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti lè wá a rí. Bákan náà ni kí wọ́n máa fi ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tì í bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ara kì í gbọ́ ọ.

(iii) Kí wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó túmọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́ jẹ̀díjẹ̀dí kò gbọdọ̀ kọ iṣan tó wú sínú ìwé lójú ẹsẹ̀. "Bàbá, báwo ló ṣe ń ṣe yín? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde? Láti ìgbà wo?" Ìbéèrè mẹ́ta yìí lè gba ẹ̀mí là. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókò á yọjú.

(iv) Kí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè àti àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ máa fi ìtumọ̀ méjèèjì sílẹ̀. Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843 ni ìwé atúmọ̀ èdè méjì ti ń ran àwùjọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àṣà irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni láti fi ọ̀rọ̀ kan dọ́gba ọ̀rọ̀ kan. Ó yẹ kí ibà ní ìlà kan fún ìlò ará ilé, kí ó sì ní ìlà mìíràn fún ìlò ìṣègùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní àdúgbò wọn: kí wọ́n wádìí lẹ́nu ìyá ọlọ́mọ, alágbo àti òṣìṣẹ́ ìlera ohun tí orúkọ àìsàn kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, kí wọ́n sì to ìdáhùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Yorùbá gbà pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀-ìperí náà nílé tó ti wá, ilé yẹn kì í sì í tú ká nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ aṣọ dókítà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fi hàn ni pé ibà, gìrì, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ̀díjẹ̀dí ní ìtumọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúlò ní àyè rẹ̀, àti pé ìjàǹbá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé láìmọ ara wọn. Kò sí ìdí láti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ará ilé, kò sì sí ìdí láti fi òfin de dókítà pé kó má lò ó. Ààlà ló yẹ kí wọ́n pa. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá wà níbẹ̀ gan-an, nítorí òun ló mọ ìlò ará ilé, òun náà ló sì mọ bí ẹ̀yán ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yán kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì bá fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ kí bàbá tí ara rẹ̀ ń gbóná jókòó dúró de àyẹ̀wò kejì.